Ọdún Tí A Gba Iná Lọ́wọ́ Màmá

Ẹni tó bá ní kò sí ohun tó rọrùn tó kéèyàn dáná igi, ẹ bi í bóyá ó ti dá a rí ní Ajégúnlẹ̀ nígbà òjò. Ilẹ̀ tutù, igi tutù, ìṣáná tutù, èèyàn fúnra rẹ̀ sì tutù. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni karosíìnì ṣọ̀wọ́n bí ojú, tí àwọn èèyàn ń fi kẹ́ẹ̀gì tò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á sì gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sílé. Bàámi ti sítóòfù wa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kó máa sinmi títí ìjọba á fi rántí wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà sídìí igi, àwa àti gbogbo ilé. Ilé gígùn kan ni, yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ìdílé kan nínú yàrá kan, ọ̀nà tóóró láàárín. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, páànù ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti òjò àti ewúrẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni etí mi ti máa ń gbọ́ ilé náà tán: korobá tó ń kan ògiri kànga, ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún, ẹni tó ń gbàdúrà sókè bíi pé Ọlọ́run dití, àti fèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń ké láti Àpápá bíi màlúù tó sọnù. Lẹ́yìn náà ni màá wá gbọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù, ìyẹn ìró igi wẹ́wẹ́ tí Màmá ń ṣẹ́ lọ́wọ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ilé wà ní àlàáfíà, màá sì tún sùn díẹ̀ sí i.

Màmá yìí ni ìyá tó bí bàámi. Láti Ìkirè ni wọ́n ti wá bá wa. Ojú wọn ló ń ṣe bàìbàì, bàámi sì ní òun ò lè jókòó sí Èkó kí ìyá òun máa fọwọ́ wá ọ̀nà nínú ilé. Wọ́n mú wọn lọ sí ọsibítù, dókítà fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sójú láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì ṣèlérí kankan. Gbogbo ọjọ́ ayé Màmá ni wọ́n fi ṣe epo pupa. Ìdí iná ni wọ́n ti tọ́ ọmọ márùn-ún, ìdí iná náà ni bàbá àgbà ti rí wọn tó fi ní òun ò ní fẹ́ ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n wá dé Èkó, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò lè dá lọ sọ́jà nítorí tírélà, wọn ò lè ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, wọn ò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó tí à ń gbé oúnjẹ fún wọn bí àlejò. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n jí ṣáájú màámi, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri dé ilé ìdáná, nígbà tí màámi fi máa dé ibẹ̀, omi ti ń hó. Màámi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Mà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀." Màmá ò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, fi iná sílẹ̀ fún mi. Òun nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ fún nínú ilé yìí."

Mo ti rí èèyàn púpọ̀ tó ń dáná láti ìgbà náà, n ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n dá tó Màmá. Ìṣáná kan ṣoṣo ni. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iná ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá jẹ ọsàn nínú ilé wa kò gbọdọ̀ da èèpo rẹ̀ nù. Màmá á gbà á, wọ́n á ní ká sá a sórí páànù títí á fi gbẹ táútáú. Wọ́n ní òróró kan wà nínú èèpo ọsàn tí iná fẹ́ràn ju karosíìnì lọ, kò sì ní bú gbàù mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Wọ́n ń tọ́jú ṣùkù àgbàdo, wọ́n ń tọ́jú èèpo àgbọn, wọ́n sì ní àpò kékeré kan tí wọ́n gbé wá láti Ìkirè, ògùṣọ̀ ló kún inú rẹ̀, ìyẹn háhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán tí wọ́n sì sá gbẹ. Ìwọ̀nba tó tó ẹyin adìyẹ ni wọ́n ń bù níbẹ̀ láàárọ̀. Igi tó bá tutù, wọ́n á ti tò ó yí ààrò ká nígbà tí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ń jinná, kí ooru lè gbẹ ẹ́. Láàárọ̀, wọ́n á fọwọ́ gbá eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi ògùṣọ̀ sáàárín, wọ́n á to èèpo ọsàn lé e, wọ́n á to igi wẹ́wẹ́ tó tó ìka lé ìyẹn, wọ́n á wá ti igi ńlá mẹ́ta wọlé kí orí wọn kanra láìfún mọ́ra. Wọ́n á sọ fún mi pé, "Jẹ́ kó mí, Àbẹ̀kẹ́." Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. "Ọmọ tuntun ni iná. Bó o bá dì í jù, á kú mọ́ ọ lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á dúró, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ wọn láti wá ooru. Ọwọ́ ni Màmá fi ń rí iná. Bí ara mi ò bá gbà á mọ́ tí mo bá gbé abẹ̀bẹ̀, wọ́n á gbá mi lọ́wọ́: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Màá sì máa kùn sínú, torí gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ̀sọ̀ mú yìí ló ń pẹ́, mo sì mọ̀ pé bàámi ò ráyè.

Wọ́ọ̀fù ni bàámi ti ń ṣiṣẹ́, ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó ní ìwé. Ní àràárọ̀, àwọn ọkùnrin á kóra jọ sẹ́nu géètì, fọ́ọ̀mánù á jáde, á máa na ìka sí wọn: ìwọ, ìwọ, ìwọ. Ẹni tí kò bá sí níwájú, ó di ọ̀la. Bàámi ò sì lè fi ikùn òfìfo gbé àpò sìmẹ́ńtì. Wọ́n dán an wò nígbà kan, òòyì kọ́ wọn, àpò náà bọ́, wọ́n sì lé wọn. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀bà gbígbóná àti ọbẹ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn gba Olódì kọjá lọ sí géètì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná Màmá ò já wọn kulẹ̀ rí. Nígbà tí òjò wá wọlé gan-an, tí àgbàrá ń gba inú ilé ìdáná kọjá bí ẹni tó ń san owó ilé, iná náà ṣì ń ràn, àmọ́ ó ń gba àkókò. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàámi padà wálé láìríṣẹ́ kí oòrùn tó ga. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò dá ìyá wọn lẹ́bi rárá. Ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń wo apá ilé ìdáná láàárọ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Gààrì la fi ń sùn lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì gbà lọ́kàn mi pé iná Màmá ló fà á.

Ẹni tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ni Màmá Ẹ̀jìró, obìnrin Ùròbò kan tó ń yan ẹja tà. Marine Beach ni wọ́n ti ń ra ẹja náà, ẹ̀gbẹ́ ààrò wa ni wọ́n sì ti ń yan án. Ẹnu wọn mú bí abẹ, inú wọn sì mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró, wọ́n wo Màmá tó kúnlẹ̀ nínú èéfín, wọ́n wá yíjú sí màámi: "Iya Bose, this one no good o! Your husband mama dey kneel down for smoke, you dey stand dey look?"

Màámi ní, "Màmá ni wọn ò gbà, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí."

"Dem no gree? Na you be wife! People go talk."

Ọ̀rọ̀ náà wọ màámi lára. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tó bá dúró tí ìyá ọkọ ń dáná, kò sí orúkọ tí wọn ò ní sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni màámi ti ń wá bí wọ́n ṣe máa gba iná lọ́wọ́ Màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ sí bàámi létí lójoojúmọ́ pé, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà." Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, inú á bí mi sí gbogbo wa. Ọlá la ní a fẹ́ bù fún Màmá, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó bi wọ́n léèrè pé, "Mà, kí ni ẹ̀yin ń pè ní ọlá?"

Àkókò yìí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń yọ àwọn igi àtijọ́ tó wà lábẹ́ ojú irin tó lọ sí Àpápá, tí wọ́n ń fi tuntun rọ́pò wọn. Igi náà dúdú kirikiri. Ọ̀dà ni wọ́n rẹ ẹ́ sí kó má baà jẹrà, bí oòrùn bá sì pa á, ọ̀dà náà á máa yọ́ jáde, á lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn wa ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀rún rẹ̀ ń gbiná bí ẹni ń ṣeré, kódà bí òjò bá pa á. Ọ̀fẹ́ sì ni. Kéèyàn ṣáà ti bẹ̀rẹ̀, kó ṣà á. Mo ṣa ẹ̀kún ọ̀rá kan, mo sáré gbé e wá fún Màmá bí ẹni rí wúrà he. Wọ́n gbé ẹ̀rún kan sí imú, wọ́n sì tì í padà sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Gbé e jáde. Ohun tí ikán ń sá fún, ṣé ọmọ mi ni kí n fi se oúnjẹ fún?" Mo ní ó máa tètè ràn, Màmá. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé á tètè ràn. Ṣé ohun tó bá ṣáà ti yá ló dára?" Ó dùn mí wọra. Ọmọ tó bá ronú ohun rere, tí àgbàlagbà sì fi imú lásán dá a lẹ́jọ́, inú rẹ̀ kì í dùn. N ò da igi ọlọ́dà náà nù. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn agbada ẹja Màmá Ẹ̀jìró.

Lọ́jọ́ kejì ìgbà kẹta tí bàámi padà sílé, òjò ti ń rọ̀ láti àná. Mo tẹ̀lé Màmá lọ sílé ìdáná. Wọ́n gbá eérú, wọ́n fi ògùṣọ̀ àti èèpo ọsàn sí ibi tó yẹ, wọ́n wá yíjú láti fọwọ́ wá igi ńlá. Kí wọ́n tó yíjú padà, mo ti ki ẹ̀rún igi ọlọ́dà, ẹ̀kúnwọ́ méjì, sábẹ́ gbogbo ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó yá ni. Mo fẹ́ kí bàámi jẹun kí wọ́n sì dé iwájú géètì, mo sì fẹ́, kí n má purọ́, kí Màmá rí i pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Òórùn ẹja bo ti ọ̀dà mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣá ìṣáná kan, wọ́n kúnlẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n gbé ojú sún mọ́ ọn, wọ́n fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni iná náà sọ gbì, ó ru sókè pẹ̀lú èéfín dúdú, ó sì mú wọn lójú. Mo figbe ta. Bàámi, tó ń dúró de oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà, fò wọlé, wọ́n já ìborùn tó ń jó kúrò lórí ìyá wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa mọ́lẹ̀. Irun ìpéǹpéjú Màmá ti jó tán. Ìka wọn méjì lé roro. Wọn ò sunkún. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàrá, wọ́n ń mí, imú wọn ń gbọ́ òórùn tó wà nínú ilé ìdáná.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni bàámi ń bi wá. "Ta ló da karosíìnì sí i?"

Màmá yíjú sí apá ibi tí mo wà. Mo mọ̀ pé wọn ò lè rí ojú mi dáadáa láti ibẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà ò tíì bà mí rí. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó da nǹkan kan. Mo sún mọ́ ọn jù ni. Àgbà ti dé."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Màmá ti bò mí. Ṣùgbọ́n bàámi wò mí, wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, kí lo rí?" Ẹnu mi sì yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, "Màmá ò ríran mọ́, Bàámi. Lánàá náà, mo rí i tí wọ́n ti ọwọ́ bọ inú iná."

Irọ́ ni. N ò rí i lánàá, n ò rí i ní ọjọ́ kankan. Màmá tó fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé pẹ̀lú iná, wọn ò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ rí. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wò nígbà tí mo ń sọ ọ́. Màámi ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń fi epo pa wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń sunkún pé, "Ẹ wò ó, Mà, ohun tí mo ń sọ nìyí. Kí ni kí n wí fún aráyé?" Bàámi nu ojú ara wọn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Màmá, ó tó báyìí. Láti ọ̀la, Bọ́sẹ̀ ni á máa dáná. Ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú yín."

Màmá ní, "Ó dáa."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń dáná nìyẹn, mo sì fi igi ọlọ́dà dá a. Màámi ò bìkítà irú igi tí mo lò, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí omi hó. Ìṣáná kan, ẹ̀kúnwọ́ kan, iná ti sọ. Bàámi ń jẹun, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Wọ́n ń dé géètì ṣáájú àwọn tó ń gbé Olódì pàápàá. Ọjọ́ kìíní, fọ́ọ̀mánù nawọ́ sí wọn. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹran wọ inú ọbẹ̀ wa. Màámi ra bàtà fún mi. Bàámi ń fọwọ́ pa mí lórí níwájú àwọn aráalé, wọ́n ń pè mí ní ìyàwó ilé, èmi náà sì ń fẹ̀. Màmá Ẹ̀jìró sọ fún màámi pé, "Now you be correct wife." Gbogbo èèyàn ló jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà, àfi ẹnì kan.

Ẹnì kan náà ṣì ń jí ní àkókò tó ti ń jí. Màá rí Màmá tí wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wa, tí wọ́n wọṣọ, tí wọ́n ti bọ́jú, ọwọ́ wọn méjèèjì lórí itan, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á bi mí pé, "Ó ti ràn?" Màá ní, "Ó ti ràn, Màmá." Wọ́n á ní, "O ṣeun." Gbogbo ọ̀rọ̀ àárọ̀ wọn nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn ò béèrè mọ́. Èèpo ọsàn ń jẹrà nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ẹnikẹ́ni ò gbà á. Oúnjẹ náà wá kọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n á gbé ẹ̀bà sẹ́nu, wọ́n á gbé e padà, wọ́n á ní òórùn ọ̀dà ló ń rùn. Òótọ́ ni, ó ń rùn; àwa la ti mọ́ ọn lára. Màámi rò pé wọ́n ń bínú ni. Wọ́n dá ọbẹ̀ tiwọn sè lọ́tọ̀, ewébẹ̀ àti ẹja tútù, àmọ́ orí iná kan náà ni wọ́n ti sè é. Màmá ń rẹ gààrì mu. Wọ́n ń gbẹ. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa jókòó, wọ́n kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Bọ́sẹ̀, mú mi lọ sílé." Bàámi ní kí ló wà nílé, ṣé kì í ṣe ibí ni ilé? Màmá rẹ́rìn-ín, ìgbà tí mo sì gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n ní, "Ilé ni. Ṣùgbọ́n n ò rí nǹkan ṣe níbẹ̀."

Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, wọ́n pè mí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn kàn mí lójú, wọ́n fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wá ooru lórí ààrò. Àpá iná ṣì wà lára ìka wọn, mo mọ ibi tó le níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè lákòókò yẹn, màá jẹ́wọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí, bàámi sì ń pariwo láti ìta pé ọkọ̀ á kún ní gáréèjì. Màmá ní, "Máa ṣe jẹ́jẹ́, Àbẹ̀kẹ́." Wọ́n di ọwọ́ bàámi mú, wọ́n jáde. N ò sunkún. Mo lọ fọ abọ́.

Kí ọyẹ́ ọdún náà tó fẹ́ ni ọkùnrin kan wá láti Ìkirè, ó pe bàámi sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ igbe tí wọ́n ké, ohùn tí mi ò mọ̀ pé wọ́n ní. Nígbà tí a dé Ìkirè fún ìsìnkú, àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń tù wá nínú. Wọ́n ní ikú àgbà ni, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wọ́n ń fi orí tọ́ka sí mi. Ẹ̀gbọ́n bàámi obìnrin, tó tọ́jú Màmá dé òpin, ń ṣàlàyé fún àwọn tó wá kí wọn pé Màmá ń bẹ òun lójoojúmọ́ pé kí òun jẹ́ kí àwọn dáná, ẹ̀ẹ̀kan péré, àti pé òun ò gbà. "Báwo ni n ó ṣe gbà? Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi láti Èkó pé wọn ò ríran mọ́, pé Bọ́sẹ̀ rí i tí wọ́n ti ọwọ́ bọ inú iná." Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní ohun tó ṣe dáa. Mo jókòó sáàárín wọn nínú aṣọ dúdú mi. Irọ́ tí mo pa ní Ajégúnlẹ̀ ti wọkọ̀ dé Ìkirè ṣáájú mi, ó sì ti jókòó ti Màmá títí wọ́n fi kú.

A ò lo igi ọlọ́dà pẹ́ lẹ́yìn náà. Ikọ́ kan gbé màámi ṣánlẹ̀, kò lọ bọ̀rọ̀, ni bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí bá yà sílé wa, ó rí ohun tí mo ń dá lábẹ́ ìkòkò, ó sì lọgun. Ó ní májèlé ni, pé àwọn kì í tilẹ̀ fi ọwọ́ lásán gbé e. Bàámi kó gbogbo rẹ̀ dà sí kòtò. Mo padà sórí èèpo ọsàn àti ṣùkù àgbàdo, mo kọ́ ọ láti orí ohun tí mo rántí, torí ẹni tí ǹ bá bi ti lọ. Títí dòní, bí gáàsì bá wọ́n tí mo bá gbé ààrò igi sí ẹ̀yìnkùlé mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ mi ní mò ń fi àkókò ṣòfò, pé kí n wọ́n karosíìnì díẹ̀ sí i. Mo máa ń to èèpo ọsàn mi lọ ní tèmi. Wọn ò mọ ohun tó wà lára iná tó bá yá jù.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí n tó sọ ọ́ fún bàámi. Màámi ti kú nígbà náà, bàámi sì ti darúgbó, ojú tiwọn náà ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga wọn, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi látòkèdélẹ̀: igi ọlọ́dà tí mo kì bọ ààrò, ọwọ́ tí mo ní Màmá ti bọ iná, gbogbo rẹ̀. Mo ń sunkún bí ọmọdé.  Bàámi ní, "Dìde, Bọ́sẹ̀. Mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ kí ni?"

Wọ́n ní, "Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ náà tí Màmá pè mí. Wọ́n ní igi ọlọ́dà lo fi sábẹ́ iná, pé kì í ṣe ojú àwọn ló fà á. Wọ́n ní kí n má nà ọ́, ọmọdé ni ọ́. Wọ́n ní kí n ṣáà jọ̀ọ́, kí n dá iná padà fún àwọn."

 Mo ní, "Bàámi, bí ẹ bá ti mọ̀, kí ló dé tí ẹ ò fi dá a padà?"

Wọ́n yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Wọ́n fi ọwọ́ nu ẹnu wọn.

"Nígbà yẹn, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni fọ́ọ̀mánù ti yàn mí tẹ̀léra ní géètì. Iná tìrẹ ló ń tètè ràn, Bọ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi, lójú wọn. Wọ́n ní kò burú."